Kóòṣì Ẹ-Kú-Ewu

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìfọ̀, tí ilé wa fẹ̀yìn ti ojú irin rélùwéè, kò sí ọmọ kankan ládùúgbò tó lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ mi. Mi ò fọ́nnu o. Ẹ bi àwọn tó ṣẹ́ kù nínú ẹgbẹ́ wa. Bọ́ọ̀lù rọ́bà la ń gbá nígbà náà, fèlele, èyí tó jẹ́ pé bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ díẹ̀, á yà bàrá lọ bá ẹlòmíràn. Síbẹ̀, bó bá dé ẹsẹ̀ mi, á dúró. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá rí mi lórí àga rọ́bà yìí, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ń fà mí dìde, ẹ má rò pé bí ẹsẹ̀ mi ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà náà. Ilé wọn kọjú sí ilé wa, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n sì bí wa. Òun ò mọ bọ́ọ̀lù gbá rárá. Bí a bá pín ara wa sí méjì, ẹgbẹ́ tó bá bọ́ sí la máa ń nà. Àmọ́ ẹ wá gbọ́ o. Bí a bá ti nà wọ́n tán, ọ̀rẹ́ mi á jókòó sórí koríko, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, á máa fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ká tó wí ká tó fọ̀, àwọn ìyá tó ń ti oko bọ̀ á ti yí i ká: "Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, ṣé kò dùn ẹ́ púpọ̀?" Ọ̀kan á fún un ní àkàrà, òmíràn á fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. Èmi tí mo gbá a wọlé ńkọ́? Ìyá mi á ní kí n gbé korobá kí n lọ pọnmi, pé mo ti ba aṣọ jẹ́. Lọ́jọ́ kan, ìṣojú mi báyìí ni ìyá mi ṣe mú ẹran inú abọ́ mi tó gbé e fún un. Ó ní wọ́n ti na ọmọ ọlọ́mọ, kó rí nǹkan fi tu ara rẹ̀ nínú. Ẹran tèmi ni o. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi, mi ò gbàgbé ẹran yẹn.

Owú ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe mí. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń pa tiwọn mọ́, wọ́n á ní inú ló ń bí àwọn. Èmi ò ní pa á mọ́ fún yín. Mo ti ń jowú ọkùnrin yẹn láti ìgbà tí eyín mi ṣì pé, mo ṣì ń jowú rẹ̀ báyìí tí wọ́n ti ń dín.

Ká gé e kúrú, àwa méjèèjì di tíṣà. Eré ìdárayá ni wọ́n kọ́ wa, iṣẹ́ yẹn náà la sì ń ṣe nígbà tí a wọ ọdún ẹgbẹ̀rún méjì, tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì aládàáni ń hù létí ọ̀nà márosẹ̀ bí olú. Èmi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìfọ̀, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù. Òun lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Mòwé, tí ìyá kan tó ń ṣòwò l'Ékòó dá sílẹ̀. Pápá wọn dagẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí òjò bá sì rọ̀, apá ìsàlẹ̀ á di ẹrẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo rí pápá yẹn. Mo ní ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá rèé, tó tún wá ń fi ẹrẹ̀ kọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún yín bó ṣe rí gan-an. Ó pàdánù ju bó ṣe borí lọ. Ọdún àkọ́kọ́, kò rí ẹnì kan nà nínú ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì agbègbè wa. Ọdún kejì, ó ta ọ̀mì, ó tún ta ọ̀mì, ó wá pàdánù ìyókù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó na àwọn ọmọ Ìbàfo kan, ìyẹn náà sì jẹ́ nítorí pé gólì wọn ń ṣàìsàn. Bó ṣe ń bá a lọ nìyẹn, á borí lẹ́ẹ̀kan, á pàdánù títí a ó fi gbàgbé pé ó borí rí. Ife ẹ̀yẹ kankan ò wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Tèmi pọ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù débi pé ìyàwó mi ní kí n wá ibòmíràn kó wọn sí, òun fẹ́ gbé abọ́ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ nà án, ní Ìfọ̀ ni. Lẹ́yìn eré, mo bá wọn wọ bọ́ọ̀sì iléèwé wọn lọ sí Mòwé. Mo ní mo fẹ́ mọ ilé ọ̀rẹ́ mi. Irọ́ ni. Mo fẹ́ wo bí ẹni tí wọ́n nà ṣe ń wọ ìlú.

Bọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wọn. Àwọn ọmọ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹrẹ̀ dé orúnkún, wọ́n sorí kọ́, ọ̀kan ń tiro, ọ̀kan fi báńdéèjì wé orí. Ọ̀rẹ́ mi ló sọ̀ gbẹ̀yìn, ó gbé bàtà ọmọ kan lọ́wọ́. Màmá àgbà kan jókòó síbẹ̀, ará ìhà Ọ̀yọ́, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ wẹ́dà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù. Màmá yìí ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdíje. Ọ̀nà márosẹ̀ ló mọ̀, ó sì mọ ohun tí ọ̀nà yẹn máa ń fi ọkọ̀ ṣe. Ó wo àwọn ọmọ, ó wo bọ́ọ̀sì, ó sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ kú ewu o. Ọlọ́run ṣeun. Tíṣà, ẹ kú ewu, ẹ kú ewu."

Ẹ kú ewu, ẹ̀yin ọmọ. Ohun tí à ń sọ fún ẹni tó bímọ tán, tàbí ẹni tí ọkọ̀ dànù tó yọ jáde láàyè. Màmá dìde, ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan sí òmíràn, ó ń fọwọ́ tẹ̀ wọ́n lápá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ wò bóyá egungun wọn pé. Ọ̀rẹ́ mi yanu láti là á yé e pé àwọn ọmọ Ìfọ̀ ló nà wọ́n, pé ọkọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ó wo ojú màmá, ó sì pa ẹnu dé. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. A dúpẹ́." Àwọn ará ilé tó wà nítòsí rí màmá lórí ìkúnlẹ̀, àwọn náà sáré jáde. Àwọn tó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ń kí i bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n pọnmi fún àwọn ọmọ fọ ẹsẹ̀, wọ́n gbé ìkòkò kaná, wọ́n tẹ́ ẹní.

Èmi tí mo borí, ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì ni mo dúró sí. Nígbà tó yá, màmá dé ọ̀dọ̀ mi. Ó wo aṣọ mi tó mọ́ tóní, ó ní, "Ìwọ ò sí nínú ọkọ̀ náà ni?" Mo ní mo wà níbẹ̀, mà. Ó ní, "Kò sì ṣe ẹ́ ní nǹkan kan?" Mo ní kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti di àṣà ní àdúgbò yẹn. Bí ọ̀rẹ́ mi bá ti pàdánù, wọ́n á ti mọ̀ látara bí bọ́ọ̀sì ṣe dákẹ́ jẹ́ẹ́ bọ̀, wọ́n á jáde, ẹ kú ewu, omi, ìkòkò, ẹní. Ìgbà tó bá borí gan-an ni wọn ò ní mọ bí wọ́n á ṣe kí i. Àwọn ọmọ á máa kọrin bọ̀, màmá á kàn bi í pé ṣé kò sí ewu lónìí, á ní kò sí, kálukú á sì wọlé. Wọ́n sọ ọ́ ní Kóòṣì Ẹ-Kú-Ewu. Nígbà tó pẹ́, wọ́n gé e sí Kóòṣì. Láti Mòwé títí dé Ìbàfo, bí ẹ bá ti ní Kóòṣì, òun ni.

Èmi ńkọ́? Gémù ni wọ́n ń pè mí. Gémù másítà ló wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi, àwọn ọmọ Ìfọ̀ bá mú ìdajì, wọ́n fi ìdajì sílẹ̀. Bí mo bá gba ife dé, ọ̀gá àgbà iléèwé á bọ̀ mí lọ́wọ́, á ní ẹ kú oríire, á sì wo aago. Ẹ kú oríire ò gùn. Ẹni tó bá ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ tán nìyẹn. Ẹ kú ewu ló ní omi ẹsẹ̀, tó ní ìkòkò, tó ní ìjókòó. Kò sí bí n kò ṣe rò ó, mi ò rí ohun tí mo ṣe tí wọn ò fi lè jókòó tì mí.

Bí mo bá máa sọ òótọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ màmá yẹn nìkan ni. Èkó ni àwọn òbí ọmọ tó ń kọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á sì ti máa ṣú kí wọ́n tó sọ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Àwọn ọmọ ò lẹ́ni tí wọ́n á bá nílé. Ọ̀rẹ́ mi á dúró tì wọ́n lórí pápá títí ìyá tó gbẹ̀yìn á fi dé. Ṣé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá ní gbogbo àkókò yẹn? Rárá o. Èyí ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé, èyí ń jẹ gúgúrú, èyí ti gbé orí lé àpò bọ́ọ̀lù sùn lọ. Mo sọ fún un pé ìdí tí wọ́n fi ń nà án nìyẹn. Àwọn ọmọ tèmi, bí fèrè bá ti dún, kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ètò ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Ó wá dé orí ìyàwó mi náà. Lọ́jọ́ kan ó wọṣọ, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ kí Kóòṣì. Mo gbọ́ pé wọ́n tún nà án." Mo ní, "Kóòṣì wo?" Ó ní Kóòṣì Mòwé ni. Mo ní, "Èmi wá ńkọ́?" Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin ni Dádì nù un." Mi ò lè jẹun ọ̀sán yẹn. Kì í ṣe pé obìnrin yẹn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn.

Bí a ṣe wà nìyẹn títí di ọdún tí ó bá mi wọ àṣekágbá. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ mi dé àṣekágbá. Mi ò mọ bó ṣe dé ibẹ̀. Ọ̀mì ni mo rò pé ó tà dé ibẹ̀. Ìyá tó ni iléèwé wọn sì ti bínú. Ó ní àwọn òbí ń kó ọmọ wọn lọ sí ibi tí ife wà, bí Kóòṣì ò bá gba ife yìí, kí ó kó ẹrù rẹ̀, òun á mú ẹlòmíràn wá láti Èkó. Gbogbo Mòwé ló gbọ́.

Èmi náà gbọ́, ọkàn mi sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀. Bí mo bá nà án, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní í jẹ́ Kóòṣì mọ́. Orúkọ yẹn á ṣófo, ta ló sì kù tó yẹ kó wọ̀ ọ́? Mo ń rò ó bí ẹni tó ń wọn aṣọ ẹlòmíràn wò nínú yàrá.

Ó wá sílé mi nígbà tó ku díẹ̀ ká gbá a. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ní, "Kóòṣì, ṣé ò ń bẹ nílé?" Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni, mo sì máa ń yára dáhùn kó má baà tún un pè. Ó jókòó, ó mu omi. Mo ti múra sílẹ̀ de ẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má ṣàánú mi o. Bí o bá fi àánú gbá a, àwọn ọmọ yẹn á mọ̀, kò sì ní í dùn mọ́ wọn nínú." Inú bí mi. Ta ló sọ fún un pé mo fẹ́ ṣàánú rẹ̀?

Ìbàfo la ti gbá a, lórí pápá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan létí márosẹ̀, tó jẹ́ pé bí tírélà bá ń kọjá, ẹ ò ní gbọ́ fèrè. Àwọn ará Mòwé ya wá, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n gbé màmá àgbà náà wá pẹ̀lú. Ìyàwó mi jókòó sáàárín wọn. Ó ní ibẹ̀ ló ní ìbòòji.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbá a wọlé. Ẹ̀yin ọmọ, ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí fún ife kankan tí mo gbà. Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó jókòó sórí koríko, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré. Ara mi gbóná. Mo kígbe mọ́ àwọn ọmọ mi débi pé ohùn mi há. Wọ́n dá a padà ṣáájú ìsinmi. Nígbà tí eré fẹ́ parí, gólì rẹ̀ jáde wá gba bọ́ọ̀lù, ẹrẹ̀ fà á lẹ́sẹ̀, ó ṣubú, ọmọ mi kan sì rọra ti bọ́ọ̀lù wọlé. Fèrè dún. Mo ti nà án.

Ọ̀dọ̀ gólì ni ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ sáré lọ. Ó gbé e dìde, ó nu ẹrẹ̀ lójú rẹ̀, ó sọ nǹkan kan sí i létí tí ọmọ náà fi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé. Lẹ́yìn náà ló tó wá bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ní, "O ṣe é, Kóòṣì." Ìyá oníléèwé ti wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi ò bi mí mọ́, ó kàn ní kí awakọ̀ yà sí Mòwé ni. Ife wà lórí itan mi. Nígbà tí a dé, àdúgbò ti kún: omi, ìkòkò, ẹní. Mo fẹ́ kí i, mi ò mọ bí mo ṣe máa kí i. Báwo ni èmi tí mo nà án á ṣe sọ pé ẹ kú ewu? Ọmọ màmá àgbà, wẹ́dà yẹn, ló rọra sọ fún màmá pé wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Kóòṣì. Màmá gbá ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ sinmi. Ọkọ̀ yẹn ì bá pa yín." Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé wọ́n ń nu ojú, ìyàwó mi wà nínú wọn.

Èmi ń retí ọjọ́ Mọ́ńdè. Mo wọ iléèwé tèmi tòun ti ife, àwọn ọmọ dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, Gémù." Èyí tí wọ́n mú wá láti Èkó sí Mòwé, ó gba ife o, ó sì gba ju ẹyọ kan lọ, sà ni wọ́n ń pè é títí tó fi lọ. Ọ̀rẹ́ mi gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí bọ́sítọ́ọ̀pù, ó ń rán bàtà bọ́ọ̀lù, ó ń fún bọ́ọ̀lù ní atẹ́gùn. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ń jókòó sí dúró de ìyá wọn. Kò ní iṣẹ́ tíṣà mọ́, kò ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, Kóòṣì ni.

Ayé ti yí padà. Pápá ẹlẹ́rẹ̀ yẹn ti di ilé ìkẹ́rùsí. Kò sí ọmọ tó ń dúró de ìyá rẹ̀ níta mọ́, wọ́n á ti pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ̀yin náà, mo máa ń gbọ́ yín nínú pálọ̀. Bí kóòṣì kan tí kò mọ̀ yín rí bá pàdánù ní ìlú òyìnbó, ẹ ó ti bú u tìyá tìyá kó tó kúrò lórí pápá. Mi ò rí ẹnì kan nínú yín tó ní ẹ kú ewu. Mo sọ ìyẹn fún yín, bẹ́ẹ̀ èmi gan-an ò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi.

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin kọ́ ilé yìí ní Mòwé níbí tó sì mú mi wá síbẹ̀, kò mọ̀ pé ọ̀nà ilé Kóòṣì ló kọ́ ọ sí. Ẹ ti rí wọn, àwọn géńdé tó ń gbé mọ́tò wá lọ́jọ́ Sátidé, tí wọ́n ń dúró lẹ́nu géètì wa: "Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ilé Kóòṣì ńkọ́?" Ẹnì kan kó ọmọ rẹ̀ wá, kó wá rí i. Ó sú mi lọ́jọ́ kan, mo ní, "Èmi náà ni Kóòṣì." Géńdé náà wò mí dáadáa. Ó dọ̀bálẹ̀, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Kóòṣì gan-an ni mò ń wá." Mo na ọwọ́ sí ọ̀nà fún un. Ìgbà tó ń padà bọ̀, ó tún juwọ́ sí mi.

Ojú ọ̀rẹ́ mi ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ ó mọ ọ̀nà ilé yìí. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á fi ọ̀pá tọ ẹ̀gbẹ́ ògiri bọ̀, á dúró lẹ́nu géètì, á ní, "Kóòṣì, ṣé ò ń bẹ nílé?" Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Nínú gbogbo ayé, òun nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ti bi mí rí pé kí ló dé tí mi ò kì í tètè dá a lóhùn. Mo gbọ́ ọ. Mo máa ń jẹ́ kó pè mí lẹ́ẹ̀kejì ni, kí àwọn ará ilé kejì lè gbọ́.